Adìẹ odindi tí a là pẹrẹsẹ fún yíyan: ká kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ ni, àbí ká gbé e sórí iná ní tútù?

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta wa. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kí àwọn òbí wa nílé ní Ìjẹmọ̀, èmi ni wọ́n sì fa ẹran lé lọ́wọ́. Adìẹ mẹ́rin ni mo fẹ́ yan. N kò fẹ́ gé e wẹ́wẹ́. Odindi ni mo fẹ́ kó jẹ́, kí n là á láti ẹ̀yìn kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí n fi ata pa á lára dáadáa, kí n wá yan án lórí èédú. Wẹ́dà kan ti bá mi la dúrọ́ọ̀mù sí méjì, ó sì ti gbé wáyà lé e lórí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Èyí tí mo rà lẹ́bàá títì lóṣù tó kọjá ti dúdú lóde, àmọ́ bí a ṣe ya itan rẹ̀ báyìí, pupa ló wà lára egungun. Àwọn àgbà máa jẹ nínú tèmi yìí, àwọn ọmọdé náà á jẹ, n kò sì fẹ́ kí inú run ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní kí n bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kí n tó gbé e síná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá bọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ ti bá omi lọ nìyẹn. Èwo ni kí n ṣe? Yájì ńkọ́, ìgbà wo ni kí n fi sí i?

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò

Gbọ́ ti ìyá rẹ, ọmọ mi. Gbogbo ẹran tí à ń yan nílé wa la máa ń kọ́kọ́ bọ̀: alùbọ́sà, táìmù, kọ́rì, iyọ̀, magí, àti omi díẹ̀, nítorí adìẹ fúnra rẹ̀ á sun omi. Bó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 20, èròjà ti wọ egungun. Tó bá wá dé orí èédú, àwọ̀ nìkan ló kù kó mú, o ò ní máa bẹ̀rù pé inú rẹ̀ ò jinná. Omi ẹran yẹn náà lo máa fi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ta ló ń da irú omi bẹ́ẹ̀ nù?

Aládìẹ Kútọ̀

Mo kí yín o, Màmá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò tíì bi ọmọ yìí pé irú adìẹ wo ló fẹ́ rà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti pín.

Tó bá jẹ́ bíróílà ni, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló máa ń lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jà. Ẹran rẹ̀ ò tíì yi, ọ̀rá sì wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Kò nílò bíbọ̀ rárá. Tí ẹ bá bọ̀ ọ́ tán tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sórí wáyà ní odindi, bí ẹ bá ṣe ń yí i padà ni itan á máa já, awọ á lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀rá tó yẹ kó mú awọ yẹn gbẹ kó dùn lẹ́nu ti yọ́ sínú ìkòkò.

Tó bá jẹ́ ẹlẹ́yin àgbà ni, èyí tó ti yé ẹyin ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó kó o wá tà, ẹran rẹ̀ ti yi gan-an. Èédú nìkan ò lè rọ̀ ọ́. Ti Màmá Ìbejì ló tọ́ níbẹ̀, àní ìṣẹ́jú 20 kéré. Adìẹ ìbílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó dùn ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ó ti sáré káàkiri, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ má rà á fún irú iṣẹ́ yìí.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ ra bíróílà tí kò tóbi jù, èyí tí yóò ku bíi kílò kan ààbọ̀ tí wọ́n bá ti tú u tán. Àwọn ńláńlá tó ń wọn kílò mẹ́ta yẹn, igẹ̀ wọn nípọn jù. Ẹ dúró ti ẹni tó ń bá yín tú u, nítorí ó ti mọ́ wọn lára láti gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ sọ fún un pé kó kó ìfun àti ìwe jáde nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún yín.

Bí a ṣe ń là á nìyí. Ẹ dojú igẹ̀ rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì ńlá tàbí ọ̀bẹ tó mú, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn láti ìdí títí dé ọrùn, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì náà, ẹ yọ egungun ẹ̀yìn yẹn kúrò. Ẹ wá yí adìẹ padà kí awọ kọjú sókè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín igẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó dún kẹ́kẹ́. Ó ti tẹ́ nìyẹn. Ẹ ká orí apá sẹ́yìn kó má baà jóná. Ẹ fi ọ̀bẹ sá itan lójú méjì tàbí mẹ́ta dé egungun, torí ibẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù kó tó jinná. Nínú adìẹ tí a kò là, itan fara pamọ́ sábẹ́, igẹ̀ ló ń gba gbogbo iná. Tí a bá là á, àwọn méjèèjì á jọ máa rí iná, ìnípọn wọn á sì súnmọ́ ara.

Adé Ọbantokò

Aládìẹ ti sọ ti adìẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, nítorí iná ló ba èyí tó rà lẹ́bàá títì jẹ́. Ẹni tó yan án tan èédú kárí abẹ́ wáyà, ó gbé adìẹ lé e lójú gan-an. Ọ̀rá ń kán sórí èédú, iná ń jó sókè, awọ di dúdú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì gbé e kúrò nítorí ó rò pé ó ti jinná.

Apá kan dúrọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ kó èédú sí. Ẹ fi apá kejì sílẹ̀ láìsí èédú rárá. Apá tí kò ní èédú yẹn lẹ máa tẹ́ adìẹ sí, egungun nísàlẹ̀, awọ lókè, kẹ́ ẹ kọ ẹsẹ̀ àti itan rẹ̀ sí ọ̀nà iná, kí igẹ̀ jìnnà sí i. Igẹ̀ tètè ń jinná, ó sì tètè ń gbẹ. Ẹ wá bo ó. Ìlàjì dúrọ́ọ̀mù kejì yẹn ni ìdérí, bí wẹ́dà ò bá tíì gbé e lọ. Bí kò bá sí, agbada ńlá tàbí páànù irin tó jìn á ṣe é. Tí ẹ kò bá bò ó, òkè rẹ̀ á tutù, ìsàlẹ̀ nìkan lá máa jinná.

Ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 40 sí 50. Ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, ìgbóná ń sá jáde. Ìgbà tó bá jinná tán lẹ tó máa gbé e bọ́ sójú èédú gan-an, awọ nísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kẹ́ ẹ dúró tì í kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀. Àsìkò yẹn ni awọ ń pọ́n tó sì ń gbẹ kàrákàrá.

Kẹrosíìnì kọ́ ni kẹ́ ẹ fi dá iná, òórùn rẹ̀ á wọ inú ẹran. Ihá ẹyìn tàbí èèpo àgbọn gbígbẹ ló dáa. Ẹ jẹ́ kí eérú funfun bo èédú lójú kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun lé e.

Wẹ́dà Adìgbẹ

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí dúrọ́ọ̀mù. Ẹ bi ẹni tó ṣe é léèrè ohun tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ kẹ́míkà tàbí oògùn kòkòrò ni, ẹ má fi se oúnjẹ láéláé, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ òróró jíjẹ ni, ó dáa. Ẹ fi igi dá iná ńlá sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú kí ọ̀dà jó tán, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á.

Wáyà náà ńkọ́? Tó bá ń dán funfun bí páànù ilé, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Iná tó bá mú gan-an lè mú kí síńkì yẹn ru èéfín tó léwu fún ẹni tó bá ń fà á símú. Ẹ ní kó fi ọ̀pá irin lásán jó o pọ̀. Kó sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èédú á máa kú.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òróró ni wọ́n rọ sínú dúrọ́ọ̀mù náà, mo ti bi í. Wáyà ń dán o, ọ̀la ni n óò dá a padà fún un. Bíróílà ni mo máa rà. Ó ku ti ata. Mo ti ra yájì sílé, ti mọ́là tó ń ta súyà nítòsí Pánṣẹ́kẹ́.

Aláta Ìtòkú

Má tíì fi yájì yẹn kàn án. Kúlíkúlí ló pọ̀ jù nínú yájì, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n wá gún pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù, iyọ̀ àti magí. Súyà ẹran màlúù tín-ín-rín ni, kì í pẹ́ lórí iná, ìdí nìyẹn tí yájì fi bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Adìẹ odindi tó máa lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí iná kò rí bẹ́ẹ̀. Kúlíkúlí á jóná, á sì korò. Oyin àti ṣúgà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n sí i.

Ìpele méjì ni ata. Lálẹ́ Fúráìdé, fi iyọ̀ pa adìẹ lára, inú àti òde, kó o sì ti ìka bọ abẹ́ awọ igẹ̀ àti itan, kó o fi iyọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣíbí ìmutíì kan ààbọ̀ tó fún adìẹ kílò kan ààbọ̀. Má bò ó nínú fíríìjì, kí awọ rẹ̀ gbẹ. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi jáde, lẹ́yìn náà ẹran á fa omi iyọ̀ yẹn padà sínú, nítorí náà ó máa dùn dé egungun láìjẹ́ pé a bọ̀ ọ́. Láàárọ̀ Sátidé, po ata gígún, atalẹ̀, aáyù tí a lọ̀, kànáfùrù gígún díẹ̀ àti òróró pọ̀, kó o fi pa á lára àti sábẹ́ awọ. Èyí lò ń gbé lọ síbi iná.

Ìpele kejì: nígbà tó bá ti jinná tán, po yájì mọ́ òróró ẹ̀pà kó ki díẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ewé alùbọ́sà kùn ún lára, kó o gbé e padà síbi tí iná ò ti pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó o bá gbé e sórí àwo, wọ́n yájì gbígbẹ lé e pẹ̀lú alùbọ́sà gígé.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ata rodo tútù, kó má dà á sí i bó ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ ìlọta. Omi rẹ̀ pọ̀, awọ ò ní gbẹ láé. Kó sè é kí omi rẹ̀ fà tán ná. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà, wákàtí kan tó. Tí ẹran bá sùn nínú rẹ̀ mọ́jú, á di mùkẹ́mùkẹ́.

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò

Fíríìjì wo ni yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú? Ládùúgbò wa níbí, iná lè lọ láago mẹ́wàá alẹ́ kó má dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹran tútù nínú ooru Abẹ́òkúta yìí! Ohun tó jẹ́ kí àwọn ìyá wa máa bọ ẹran lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, ẹ má rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n yan.

Aláta Ìtòkú

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹni tí iná rẹ̀ ò dájú, kó ra yìnyín, kó kó o sínú kúlà, kó fi adìẹ sínú ọ̀rá tó dì dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́ bọ àárín yìnyín. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kó ra adìẹ láàárọ̀ Sátidé gan-an, kó fi iyọ̀ pa á, kó fún un ní wákàtí kan sí méjì níbi tó tutù. Kò ní tó ti mọ́jú, àmọ́ ó sàn ju kó fi iyọ̀ sí i níbi iná.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ egungun yẹn ló mú mi wọlé. Kì í ṣe gbogbo pupa ló túmọ̀ sí pé kò jinná. Bíróílà kéré lọ́jọ́ orí, egungun rẹ̀ ò tíì dì, nítorí náà ohun pupa inú mùdùnmúdùn máa ń ṣẹ́ jáde sára ẹran tó yí i ká, pàápàá tí adìẹ bá ti inú ẹ̀rọ amóhun-dì jáde. Ó lè jinná kó ṣì pọ́n níbẹ̀. Bákan náà, ó lè funfun kó máà tíì jinná. Ojú nìkan ò tó.

Tẹmómítà ẹran ló lè fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹ tì í bọ ibi tó nípọn jù nínú itan, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kan egungun, kẹ́ ẹ sì tì í bọ inú igẹ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ tó 74°C níbi méjèèjì. Ìgbóná yẹn ló ń pa àwọn kòkòrò bíi Salmonella àti Campylobacter tó máa ń wà lára adìẹ tútù. Itan máa ń dùn sí i tó bá tó bíi 80°C, torí àwọn iṣan inú rẹ̀ á ti rọ̀. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kó la oríkèé itan wò: kí omi tó ń jáde mọ́ kedere, kí ẹran máa bọ́ kúrò lára egungun, kó sì tún fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún tiyín. Bí ẹnì kan bá máa bọ̀ ọ́ ní ààbọ̀ jinná, kó gbé e láti inú ìkòkò lọ sórí iná tààrà. Kó má bọ̀ ọ́ ní Fúráìdé kó wá gbé e sílẹ̀ di Sátidé. Àwọn kòkòrò tí kò kú á máa pọ̀ sí i nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn.

Ata tí ẹ fi pa adìẹ tútù lára, ẹ má fi ìyókù rẹ̀ kun adìẹ tó ti jinná, àfi tí ẹ bá sè é hó. Ẹ má sì máa fọ adìẹ lábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń tú yàà, ó ń ta omi kòkòrò sára àwo àti ẹ̀fọ́.

Aládìẹ Kútọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gba gbogbo rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fífọ̀. Adìẹ tí wọ́n tú sórí tábìlì lọ́jà, ìyẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà, nígbà míì iyanrìn wà. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìyẹn síná láìfọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà

Ẹ ò jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí wọ́n tú lọ́jà ẹ rà yẹn, inú abọ́ ni kẹ́ ẹ ti rọra fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó ta, kí oúnjẹ míì má sì sí nítòsí. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́, ọ̀bẹ àti ọwọ́ yín. Ti inú ọ̀rá, tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ ò nílò láti fọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Abidjan

Ibi tí mo wà yìí, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni adìẹ lílà pẹrẹsẹ. *Poulet braisé* ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi mọ́sítáàdì, aáyù, alùbọ́sà àti ata pa á lára, wọ́n á sì fi *attiéké* bù ú jẹ, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Àwọn ará Pọ́túgà àti Mòsáńbíìkì náà ń là á bẹ́ẹ̀, ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní *piri-piri* ni tiwọn.

Adé, mi ò gbà pé dandan ni ìdérí. Níbí wọn kì í bò ó. Wáyà wọn ló ga sí èédú, èédú náà ò pọ̀, wọ́n á sì máa yí adìẹ padà léraléra, wọ́n á máa fi òróró àti ata kùn ún bó ṣe ń gbẹ. Awọ rẹ̀ máa ń rí bákan náà níbi gbogbo. Èéfín ọ̀rá tó ń kán díẹ̀díẹ̀ sórí èédú wà lára adùn rẹ̀. Tí ẹ bá bò ó pátá níbi tí kò sí iná, ó ń súnmọ́ adìẹ inú ààrò búrẹ́dì.

Adé Ọbantokò

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀nà yẹn dáa, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn ló lè ṣe é. Wáyà dúrọ́ọ̀mù tiwa kì í ga sí èédú, a ò sì lè gbé e sókè sódò. Adìẹ mẹ́rin, ẹnì kan, àlejò ń wọlé, ta ló máa yí i padà ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ìṣẹ́jú ìkẹyìn tó bá gbé e sójú èédú yẹn, èéfín á kàn án dáadáa.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ti ẹ̀gbọ́n Adé ni n óò ṣe. Ṣùgbọ́n tí apá kan bá jẹ́ ti èédú, ṣé adìẹ mẹ́rin á gba apá kejì?

Adé Ọbantokò

Kò ní gbà. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 88, ó fẹ̀ tó bíi 57. Kó èédú sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lápá ọwọ́ kan, adìẹ méjì á tẹ́ síbi tó kù láìgun ara wọn. Ìpele méjì lo máa yan án. Fi èédú tó ti jó funfun kún un kó o tó gbé ìpele kejì lé e, má fi èédú dúdú kún un lábẹ́ ẹran. Èyí tó bá kọ́kọ́ jinná, fi fóìlì bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi inú rẹ̀ rọlẹ̀, lẹ́yìn náà kó o gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín, kó o pa á dé. Á gbóná títí ìkejì á fi dé. Bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta kí àwọn àlejò tó jókòó.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà

Kúlà yẹn, kó má ṣe èyí tí adìẹ tútù sùn sí lálẹ́ àná. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ló ní, kó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ ná.

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ bíróílà, mo gbà, ẹ gbé e síná ní tútù. Ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn mẹ́rin tí ẹ fẹ́ yọ yẹn, ọrùn, ẹsẹ̀ àti ìwe, ẹ má jẹ́ kí aládìẹ jù wọ́n sọ́wọ́ ajá. Fi alùbọ́sà, táìmù, iyọ̀ àti atalẹ̀ sè wọ́n fún wákàtí kan lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wàá rí omi ẹran tó ki ju ti ẹran ara lọ, torí inú egungun ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyẹn ni kó o fi se ìrẹsì rẹ. Ìwe, gé e wẹ́wẹ́ kó o fi dín dòdò.

Aládìẹ Kútọ̀

Àwa kì í jù ú, Màmá, ẹni tó bá béèrè là ń dì í fún. Ọmọ Ìjẹmọ̀, tètè wá sọ́jà. Sátidé ni ọjọ́ ìnáwó, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ àwọn alásè ti kó àwọn bíróílà kéékèèké lọ, àwọn ńláńlá ló máa ń kù sílẹ̀.